Kí Ẹ Tó Ra Eku Funfun: Èrò Mi Lórí Pírójẹ́ẹ̀tì Àṣekágbá Nínú Ìmọ̀ Oògùn

Ní ẹ̀ka ìmọ̀ oògùn ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, pẹpẹ kan máa ń wà tí wọ́n ń to iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti jáde sí: àwọn ìwé ẹlẹ́yìn líle, aláwọ̀ búlúù tàbí dúdú, tí wọ́n fi àwọ̀ wúrà tẹ orúkọ àti ọdún sí lára. Ẹni tó bá fara balẹ̀ ka àkọ́lé wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀ yóò rí i pé púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àkọ́lé kan náà, orúkọ ewé nìkan ló ń yí padà. Lọ́dún kan, wọ́n fi ẹtanọ́ọ̀lù, ìyẹn ọtí líle inú làbù, fa oje ewúro yọ láti wò ó bóyá yóò dín ìrora kù lára eku funfun. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, efinrin ló kàn. Lẹ́yìn efinrin, ewé ilé tí àwọn Hausa ń pè ní zogale. Lẹ́yìn ìyẹn, èèpo ọ̀gánwó tí wọ́n ń pè ní madaci. Láti orí kìíní dé orí karùn-ún, ìlànà kan náà ni, ìparí rẹ̀ náà kò sì yàtọ̀: oje náà ṣiṣẹ́, èyí sì fi hàn pé òótọ́ ni ohun tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ń sọ.

N kò kọ èyí láti fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi náà ka ìmọ̀ oògùn ní yunifásítì kan ní ìhà Àríwá, orúkọ mi sì wà lára ọ̀kan nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Mo mọ ìdí tí àkọ́lé náà fi ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ewé kì í gba owó púpọ̀. Eku funfun kékeré rọrùn láti bọ́ ju ehoro lọ. Ìdánwò tí a lè fi ojú lásán kà kò nílò iná mànàmáná, ṣùgbọ́n ìfun ehoro tí a gbé kọ́ sínú omi Tyrode, omi oníyọ̀ tí kì í jẹ́ kí ìfun náà tètè kú, gbọ́dọ̀ wà ní ìwọ̀n ooru 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí atẹ́gùn sì máa wọ inú omi náà láìdáwọ́ dúró; bí iná bá lọ tí kò sì sí epo nínú jẹnẹrétọ̀, ìfun náà yóò kú lójú yín, iṣẹ́ ọjọ́ náà parí nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní oṣù díẹ̀ lọ́wọ́, tí àwọn òbí rẹ̀ ń fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ sí i láti Ìlọrin tàbí Òṣogbo, yóò ṣe ohun tí agbára rẹ̀ ká. Nítorí náà, n kò bá ewé jà, n kò sì bá eku jà. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wọ̀nyí kò ní ìbéèrè kankan nínú. "Ǹjẹ́ oje yìí ń ṣiṣẹ́?" kì í ṣe ìbéèrè mọ́, bí ẹni tó ń bi í bá ti kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ kó tó ra eku.

Láti ìgbà tí mo ti ń gbé ní Kubwa, ní Àbújá níbí, àwọn ọ̀dọ́ tí a jọ ń pàdé ní ìpàdé ọmọ ìlú wa máa ń wá bá mi bí wọ́n bá ti wọ ọdún àṣekágbá. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ kì í yàtọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá àkọ́lé kan tí kò ní le jù." Èmi náà á béèrè pé, "Kí lo ti kà?" Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́lẹ̀. Lójú tiwọn, àkọ́lé ló ń kọ́kọ́ wá, làbù ló tẹ̀ lé e, ìgbà tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n kọ orí kejì, níbi tí wọ́n ti ń sọ ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ, ni wọ́n ń rántí láíbìrì. Tèmi ni pé bí wọ́n ṣe tò ó yẹn gan-an ló ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìtàn kan wà tí mo máa ń sọ fún wọn. Ní ọdún 1967, ìjọba Ṣáínà dá iṣẹ́ ìwádìí kan sílẹ̀ láti wá oògùn ibà tuntun, nítorí pé kòkòrò ibà ti ń borí àwọn oògùn tó wà nílẹ̀. Tu Youyou, obìnrin tó wá di olórí ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tó ṣe iṣẹ́ náà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún àkọsílẹ̀ ìṣègùn àtijọ́ wò kí wọ́n tó mú ewé wọ làbù. Ọ̀kan nínú àwọn ewé tí wọ́n dán wò ni qinghao. Ó fi àmì dáadáa hàn nígbà kan, nígbà tó yá, wọn kò rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Tu padà sídìí ìwé. Nínú àkọsílẹ̀ Ge Hong, oníṣègùn tó ti gbé ayé ní nǹkan bí 1,600 ọdún ṣáájú rẹ̀, ó rí i pé kí aláìsàn bu ewé náà ní ẹ̀kúnwọ́ kan, kó rẹ ẹ́ sínú omi, kó fún un, kó sì mu oje rẹ̀. Ge Hong kò ní kí ẹnikẹ́ni sè é. Ìgbà yẹn ni Tu rò ó pé ó lè jẹ́ ooru ló ń ba ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú ewé náà jẹ́. Ó wá fi ether fa oje náà yọ, omi kan tó ń hó ní ìwọ̀n ooru 35 péré. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ọdún 1971, oje tí wọ́n fún ní nọ́ńbà 191 pa gbogbo kòkòrò ibà tó wà lára àwọn eku tí wọ́n fi dán an wò. Ohun tó wà nínú oje yẹn ni artemisinin, tí wọ́n fi ń ṣe oògùn ibà tí gbogbo wa ń rà lónìí, Tu sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2015.

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ Nobel, wọ́n á sì gbàgbé èyí tó kù. Ibi tí mo fẹ́ kí wọ́n dúró sí ni ibi tí obìnrin náà ti padà sínú ìwé. Kò wá nǹkan tí yóò fi kún orí kejì. Nǹkan ti há a mọ́ ibì kan nínú làbù, ó sì ń wá ẹni tó ti kọjá níbẹ̀ rí. Gbólóhùn kan péré ló rí, àmọ́ gbólóhùn náà ló sọ ohun tí yóò ṣe sí ewé náà ní ọjọ́ kejì fún un.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní Ṣáínà jìnnà, Idu kò jìnnà sí Kubwa. Ibẹ̀ ni ilé ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀, NIPRD, wà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1987. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ lórí NIPRISAN, oògùn fòníkú-fọ̀ladìde tó wá láti inú ìlànà tí oníṣègùn ìbílẹ̀ Yorùbá kan, Reverend P. O. Ogunyale, fi hàn wọ́n. Ohun mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí èyí tó ṣàjèjì sí àwọn ìyá wa tó ń ta lẹ́kulẹ̀já: iyèré, kànáfùrù, osùn àti ọkà bàbà. Àwọn olùwádìí náà kò dúró sí pé ó ṣiṣẹ́ lára eku. Wọ́n wo ohun tó ń ṣe sí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ti ká kò, wọ́n wo bóyá ó lè pa ènìyàn lára, wọ́n sì gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn 82 nínú ìdánwò tí aláìsàn kò ti mọ̀, tí dókítà náà kò sì ti mọ̀, ẹni tó ń gba oògùn gidi àti ẹni tó ń gba èyí tí kò ní nǹkankan nínú. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2001, NAFDAC sì forúkọ oògùn náà sílẹ̀ ní 2006. Akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò lè ṣe gbogbo èyí nínú ọdún kan, ẹnikẹ́ni kò sì sọ pé kó ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka ìtàn náà dáadáa lè bi ìbéèrè kékeré kan tó ṣeé dáhùn: bí a bá yọ osùn kúrò, ṣé àwọn mẹ́ta tó kù yóò ṣì ṣe iṣẹ́ kan náà? Ìdáhùn rẹ̀ lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ó sì lè jẹ́ rárá. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, a ó ti mọ ohun kan tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ó rọrùn láti rí ìwé kà lónìí ju bó ti rí nígbà kan lọ. PubMed ti wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ènìyàn láti 1997, African Journals Online bẹ̀rẹ̀ ní 1998, Google Scholar dé ní 2004, gbogbo wọn ló sì wà lórí fóònù tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń wo bọ́ọ̀lù. Wàhálà tó wà níbẹ̀ báyìí ni pé àkópọ̀ ìwádìí nìkan ni wọ́n ń kà, ìpínrọ̀ kan tó wà lókè yẹn, nítorí pé ohun tó kù ń béèrè owó tàbí ó ń jẹ dátà. Lẹ́yìn náà, wọ́n á lọ da orúkọ àwọn onímọ̀ kọ láti ẹ̀yìn ìwé ẹlòmíràn, ẹni tí òun náà dà wọ́n kọ láti ibòmíràn.

Ti Lorke, onímọ̀ kan tó kọ̀wé lórí bí a ṣe ń mọ ìwọ̀n oògùn tó lè pa ẹranko, ló máa ń dùn mí jù nínú irú àdàkọ bẹ́ẹ̀. Kò wọ́pọ̀ kí ènìyàn rí pírójẹ́ẹ̀tì lórí ewé ní Nàìjíríà tí kò ní "Lorke, 1983" nínú, àmọ́ àwọn tó ka ojú ewé díẹ̀ tí ọkùnrin náà kọ kò pọ̀. Ohun tó sọ kò sì le. Láti mọ LD50, ìyẹn ìwọ̀n oògùn tí yóò pa ìdajì àwọn ẹranko tí a bá fún, àwọn olùwádìí máa ń lo ẹranko púpọ̀ láyé àtijọ́. Lorke ní kò pọn dandan. Kí ẹ kọ́kọ́ pín ẹranko mẹ́sàn-án sí mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹ fún wọn ní 10, 100 àti 1,000 mílígíráàmù fún kílógíráàmù ara kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá sí èyí tó kú, ẹ mú àwọn díẹ̀ mìíràn, kí ẹ fún wọn ní 1,600, 2,900 àti 5,000, ẹyọ kan fún ìwọ̀n kan. Bí ikú bá wọ̀ ọ́, ìwọ̀n tó ga jù lọ tí kò pa ẹranko àti èyí tó kéré jù lọ tó pa á ni ẹ ó fi ṣe ìṣirò. Bí ọ̀kankan kò bá kú títí dé 5,000, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ sì kọ ọ́ pé LD50 rẹ̀ ju 5,000 lọ.

Ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń kọ tẹ̀ lé e ni pé oje náà kò léwu fún ènìyàn. Lorke kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìdánwò náà sọ kò ju pé ẹranko tí a fún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò kú láàárín àkókò tí a fi ń ṣọ́ ọ. Kò sọ nǹkankan nípa ẹni tó ń mu ife àgbo kan láràárọ̀ fún oṣù mẹ́fà, kò sọ nǹkankan nípa ẹ̀dọ̀ rẹ̀ tàbí kíndìnrín rẹ̀, kò sì mẹ́nu kan aboyún. Ní àdúgbò wa ní Kubwa, alágbo ti máa ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àwọn dírébà ọkọ̀ sì ń dúró dè é. Gbólóhùn "kò léwu" tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ láìronú lè kúrò nínú ìwé ẹlẹ́yìn líle, kó bọ́ sórí ìwé ìpolówó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ìgò.

Nínú làbù, ìdánwò tí wọ́n ń ṣe jù fún ìrora ni ti acetic acid, irú èyí tó wà nínú fínígà, tí Koster àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àlàyé rẹ̀ ní 1959. Wọ́n á fún eku ní oje ewé, wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á sì gún un ní abẹ́rẹ́ acetic acid tí a ti fi omi là, sínú ikùn. Kò pẹ́ tí eku náà yóò fi fa ikùn wọlé, tí yóò tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ sísàlẹ̀, tí yóò sì na ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì gbọọrọ. Ìyẹn jẹ́ ẹyọ kan. Ẹni tó jókòó tì í yóò máa kà á fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, eku tó bá sì na ara lẹ́ẹ̀mélòó kan péré la ó sọ pé oògùn ti dín ìrora rẹ̀ kù.

Ẹni tó ń bójú tó ilé eku wa nígbà náà jẹ́ ọkùnrin Hausa kan tó ti dàgbà, Màlámù ni gbogbo wa ń pè é. Kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ́ wa ní ohun tó kọ́ wa. Ó máa ń di eku ní ìrù, á jẹ́ kó fi ọwọ́ iwájú gbá wáyà ìdérí àgò mú, á rọra fà á sẹ́yìn, nígbà tí eku bá sì ti gbájú mọ́ wáyà ni yóò fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá mú awọ ọrùn rẹ̀, tí yóò yí i sókè, tí yóò sì há ìrù rẹ̀ sábẹ́ ọmọdinrin. Gbogbo rẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ, eku náà kì í sì í ké. "A hankali, a hankali," ni yóò máa sọ fún ẹni tó bá ń kánjú. Nígbà ọyẹ́, tí òtútù ìhà Àríwá bá mú débi pé a wọ súẹ́tà méjì, kì í jẹ́ kí a fọwọ́ kan àgò kankan títí yóò fi fi kún ìyẹ̀fun pákó tó wà lábẹ́ wọn, tí yàrá náà yóò sì gbóná díẹ̀. A máa ń kùn. Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà ni mo wá ń ka ìwé lórí bí òtútù àti ìbẹ̀rù ṣe ń yí bí ẹranko ṣe ń gba ìrora padà, mo sì ń rí Màlámù lójú ewé kọ̀ọ̀kan.

Àwọn nǹkan kéékèèké bẹ́ẹ̀ ló ń sọ iṣẹ́ di iṣẹ́, púpọ̀ nínú wọn kò sì ná ènìyàn ní kọ́bọ̀. Ẹni tó ń ka bí eku ṣe ń na ara kò gbọdọ̀ mọ eku tó gba oje àti èyí tó gba omi lásán. Bí ó bá mọ̀, ojú rẹ̀ yóò tàn án, kò sì ní mọ̀ pé ojú ń tan òun jẹ. Kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bá a kọ lẹ́tà sára síríńjì, kó sì fi ìwé tí wọ́n kọ ìtumọ̀ àwọn lẹ́tà náà sí pamọ́ títí ìdánwò yóò fi parí, ọ̀rọ̀ ti tán. Síbẹ̀, kò wọ́pọ̀ kí n rí i nínú orí kẹta pírójẹ́ẹ̀tì kankan.

Ohun mìíràn ni pé ìdánwò acetic acid kì í yan oògùn tó yẹ dáadáa. Oògùn tó ń mú eku sùn lè dín nína ara rẹ̀ kù, èyí tó ń dẹ iṣan náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, láìjẹ́ pé ìrora dín kù rárá. Nítorí náà ni wọ́n fi máa ń fi ìdánwò mìíràn tì í: kí wọ́n gbé eku sórí irin tó gbóná dé ìwọ̀n 55, kí wọ́n wo bí yóò ti pẹ́ tó kó tó lá ẹsẹ̀ tàbí kó fò sókè, kí wọ́n sì yára gbé e kúrò kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má bàa jó. Morphine, oògùn ìrora tó le gan-an, máa ń fi agbára hàn níbẹ̀ dáadáa. Aspirin kì í sábà rí nǹkan ṣe. Bí oje ewé kan bá ṣiṣẹ́ lórí ti acetic acid, tí kò sì ṣiṣẹ́ lórí irin gbígbóná, ọ̀rọ̀ ti wà níbẹ̀ láti sọ nípa ibi tó ṣeé ṣe kó ti ń ṣiṣẹ́ nínú ara. Akẹ́kọ̀ọ́ tó rí irú èyí, tó sì kàn kọ ọ́ pé ìdánwò kejì "kò yọrí sí rere", ti sọ ohun tó níye lórí jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ nù.

Ìṣirò ìwọ̀n oògùn náà wà níbẹ̀. Eku tó wọn 20 gíráàmù, tí a fẹ́ fún ní 400 mílígíráàmù fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan, mílígíráàmù 8 ni yóò gbà. Bí a bá fẹ́ kó wọlé nínú ìdá méjì nínú mẹ́wàá mílílítà kan, a jẹ́ pé oje tí a ó pò gbọ́dọ̀ ní 40 mílígíráàmù nínú mílílítà kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló mọ èyí ṣe. Ohun tí wọn kì í ṣe ni pé kí wọ́n gbé e dé ara ènìyàn. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà ìfiwéra tí àwọn onímọ̀ oògùn ń lò, èyí tó ka bí ara ṣe tóbi tó sí, ìwọ̀n ti eku ni a ó fi nǹkan bí 12.3 pín kó tó di ti ènìyàn. 400 yóò di nǹkan bí 32; ẹni tó wọn 60 kílógíráàmù yóò nílò nǹkan bí gíráàmù 2 oje gbígbẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Ká ní gíráàmù 100 ewé gbígbẹ ń mú gíráàmù 10 oje jáde, ewé gbígbẹ gíráàmù 20 nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kí ènìyàn mu bẹ́ẹ̀ nínú àgbo, kì í ṣe ohun ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n mo ti rí èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 2,000, tí ènìyàn yóò fi nílò láti jẹ igbá ewé gbígbẹ kan kó tó rí ohun tí eku rí, tí ìparí rẹ̀ ṣì ní ó ti ìlò ìbílẹ̀ lẹ́yìn.

Ìlò ìbílẹ̀ wo gan-an? Ìyá tó ń se àgbo kì í fi ẹtanọ́ọ̀lù sè é. Omi ló ń lò, ìgbà mìíràn omi kíkan ògì, tàbí kó rẹ ẹ́ sínú ọtí ògógóró, èyí tó ṣì yàtọ̀ sí ẹtanọ́ọ̀lù inú làbù. Ohun tí omi ń fà jáde lára ewé kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ohun tí ẹtanọ́ọ̀lù ń fà jáde. Tu Youyou fi èyí hàn wá tán. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá lo ẹtanọ́ọ̀lù, kò burú, ó lè ní ìdí rẹ̀, nítorí pé omi kì í tètè gbẹ, oje inú rẹ̀ sì máa ń hu. Ṣùgbọ́n kó má sọ pé òun ti dán àgbo ìyá òun wò.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà kò ní gba àkókò wa púpọ̀. Gbogbo ènìyàn ló mọ bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tó wà lẹ́yìn géètì, níbi tí wọ́n ti ń fi SPSS, ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, ṣe àtúpalẹ̀ fún owó, tí akẹ́kọ̀ọ́ á gba tábìlì tó kún fún ìràwọ̀ kéékèèké, àmì pé ó dà bíi pé ìyàtọ̀ náà kì í ṣe èèṣì, tí kò lè ṣàlàyé fún alábòójútó rẹ̀. Pẹ̀lú eku márùn-ún nínú ẹgbẹ́ kan, eku kan tó ń ṣàìsàn lè yí ìdáhùn padà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi nọ́ńbà eku kọ̀ọ̀kan hàn lẹ́yìn ìwé rẹ̀; ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn lè kó ti ọdún márùn-ún pọ̀, kó rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè rí nínú ẹyọ kan.

Ní ọdún 1959 kan náà tí ti Koster jáde ni Russell àti Burch, àwọn onímọ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì méjì, sọ ohun mẹ́ta tó yẹ kí olùwádìí bi ara rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ẹranko: ṣé ohun mìíràn wà tí mo lè lò dípò rẹ̀, ṣé mo lè lo díẹ̀, ṣé mo lè dín ìyà rẹ̀ kù. Ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn ni a kì í sábà bi ara wa níbí. Pírójẹ́ẹ̀tì ìmọ̀ oògùn kò pọn dandan kó ní eku nínú. Láti 1993 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbé ìlànà jáde lórí bí a ṣe lè yẹ ìwé oògùn tí àwọn dókítà ń kọ wò: oògùn mélòó ni aláìsàn kan ń gbà lẹ́ẹ̀kan, mélòó nínú wọn ló jẹ́ oògùn apakòkòrò, mélòó ni abẹ́rẹ́, mélòó ni wọ́n fi orúkọ gidi kọ dípò orúkọ ilé iṣẹ́. Fáìlì ilé ìwòsàn àti káákùlétọ̀ ti tó. Ní oṣù karùn-ún 2018, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe omi oògùn ikọ́ tó ní codeine àti kíkó o wọlé, ọ̀rọ̀ tó kan ìhà Àríwá gbọ̀ngbọ̀n. Kí ni àwọn ilé ìtajà oògùn ní Kano tàbí ní Nyanya ń tà fún ikọ́ lẹ́yìn ìgbà náà? Ìyẹn jẹ́ ìmọ̀ oògùn pọ́ńbélé, tí alábòójútó àti ìgbìmọ̀ ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí bá ti fọwọ́ sí i.

Mo mọ̀ pé eku ni ọ̀pọ̀ yóò ṣì mú. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò wa tó wá bá mi ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí fẹ́ ṣe èèpo ọ̀gánwó. Ó ti ra èyí tí wọ́n gún lọ́jà, àwọn tó ń bójú tó àkójọ ewé gbígbẹ ní ẹ̀ka ìmọ̀ ewéko sì kọ̀ láti fún un ní nọ́ńbà tó ń jẹ́rìí sí irú igi tó jẹ́, nítorí pé kò sẹ́ni tó lè fi ẹ̀tù mọ igi. Ó ní láti mú ẹ̀ka tó ní ewé, tó sì ní òdòdó tàbí èso, wá. Ìgbà tó ń wá igi náà ló bá àwọn obìnrin tó ń tà á sọ̀rọ̀, gbogbo wọn ló sì ní omi ni àwọn fi ń sè é. Ibẹ̀ ni ìbéèrè rẹ̀ ti yọ: tí a bá fi omi sè é àti tí a bá fi ẹtanọ́ọ̀lù rẹ ẹ́, láti ara èèpo kan náà, èwo ló ń dín ìrora kù jù? A sì fi ọ̀rọ̀ yí ara wa lọ́wọ́ lórí bí yóò ṣe fi wọ́n wéra, nítorí pé bí ẹtanọ́ọ̀lù bá fa oje tó pọ̀ ju ti omi lọ jáde, ìwọ̀n oje kan náà kì í ṣe ìwọ̀n èèpo kan náà. Ó pinnu láti ṣe é gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n èèpo, kó sì kọ ti oje sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ó pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹgbẹ́ mẹ́jọ ló ní: omi lásán, aspirin, ìwọ̀n mẹ́ta ti omi, ìwọ̀n mẹ́ta ti ẹtanọ́ọ̀lù, eku 40 ni, owó rẹ̀ kò sì tó. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé mi ò lè yọ ti aspirin kúrò?" Mo ní rárá, torí bí aspirin kò bá ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi gba ohun tí ọ̀gánwó sọ gbọ́. Kó dín ìwọ̀n oje kọ̀ọ̀kan sí méjì, eku 30 nìyẹn, kó sì kọ́kọ́ fi han alábòójútó rẹ̀ kó tó sanwó.